Oṣù mẹ́sàn-án nídìí kóòdù, kò sì sí nǹkan kan lọ́wọ́

Lóṣù tó kọjá ni àbúrò mi kan pè mí. Oṣù mẹ́sàn-án ló ti fi ń kọ́ kóòdù, ìyẹn bí a ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Mo ní kí ló ti kọ. Ó ní òun ti wo fídíò Python tán, òun ti bẹ̀rẹ̀ JavaScript (èdè tí a fi ń kọ kóòdù ni méjèèjì), ẹnì kan sì ti ní kí òun bọ́ sídìí Flutter, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń kọ áàpù fóònù, torí ibẹ̀ lowó wà báyìí. Mo tún bi í pé, kí lo ti kọ? Ó dákẹ́.

Nínú gbogbo àṣìṣe tí àwọn ọ̀dọ́ ń ṣe nídìí iṣẹ́ yìí, èyí ló wọ́pọ̀ jù, òun náà ló ń jẹ ọjọ́ ayé èèyàn jù. Python ti wà láti ọdún 1991, JavaScript láti 1995. Kò sí èyí tó ń sá lọ nínú wọn. Mú ọ̀kan, kó o fi kọ nǹkan parí. Fídíò wíwò dà bí ìgbà téèyàn jókòó ti ìyá tó ń ro àmàlà: gbogbo rẹ̀ ló yé e, àfi ọjọ́ tí wọ́n bá gbé orógùn lé òun náà lọ́wọ́, tí àmàlà wá di kókó.

Mo ní kó lọ kọ ètò kékeré tí màmá rẹ̀ á máa fi ṣírò àjọ. Obìnrin 12, náírà 5,000 lóṣù, ẹnì kan ń kó o lóṣooṣù. Kékeré ni lójú. Lọ́jọ́ kejì ló pè padà. Màmá ti tẹ 5,000 sí i, kọ́mà wà láàárín, Python bá yarí: ValueError. int(), tó ń sọ ohun tí a tẹ̀ di nọ́ńbà, kò mọ kọ́mà rárá. Lẹ́yìn ìyẹn, obìnrin kan san ìdajì, òmíràn san ti oṣù méjì lẹ́ẹ̀kan, ẹnì kan sì fẹ́ kó tirẹ̀ ṣáájú nítorí owó ilé-ìwé ọmọ. Fídíò wo ló máa sọ ìyẹn fún un?

Bí àbúrò mi ṣe rí ọ̀rọ̀ àṣìṣe tó kún ojú kọ̀ǹpútà, ṣe ló pa á dé. Má pa á dé. Nínú Python, ìlà tó gbẹ̀yìn ni kó o kọ́kọ́ kà. Orúkọ àṣìṣe náà wà níbẹ̀, nọ́ńbà ìlà tó ti ṣẹlẹ̀ sì wà lókè rẹ̀ díẹ̀.

O lè ní ṣebí ChatGPT á kọ ọ́. Á kọ ọ́ lóòótọ́, èmi náà ń lò ó. Ṣùgbọ́n tí o kò bá lè ṣàlàyé ìlà kan fún ẹni tó fẹ́ gbà ọ́ síṣẹ́, kì í ṣe ìwọ lo kọ ọ́.

Ti owó tún wà níbẹ̀. Tẹ 0.1 + 0.2 sínú Python kó o wo èsì: 0.30000000000000004, dípò 0.3. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fi kọ́bọ̀ ka owó, ní odidi nọ́ńbà. Kọ́bọ̀ náà ni Paystack, ilé-iṣẹ́ tó ń báni gba owó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ń retí: bí o bá fi 5000 ránṣẹ́, náírà 50 lo gbà lọ́wọ́ oníbàárà. Mo mọ ẹni tó ṣe é rí. (Èmi ni.) Bí kọ́kọ́rọ́ àṣírí Paystack rẹ, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú sk_live, bá sì bọ́ sórí GitHub, ibi tí a ń tọ́jú kóòdù sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, má rò pé pípa á rẹ́ lọ́jọ́ kejì ti tó. Git, ètò tó ń pa gbogbo àyípadà inú kóòdù mọ́, kì í gbàgbé. Lọ gba kọ́kọ́rọ́ tuntun kíá.

Kíkọ̀ láti lo Git, kéèyàn sì máa fi iṣẹ́ rẹ̀ sórí GitHub, náà lè dun èèyàn. Inú dánfó ni láptọ́ọ̀pù tèmi lọ sí, l'Ọ́jọ́ọ̀tá, iṣẹ́ oṣù mẹ́rin sì bá a lọ. Gbogbo fódà mi ló ń jẹ́ "final", "final2", "final_gidi". Orí láptọ́ọ̀pù kan ṣoṣo yẹn ni gbogbo wọn wà.

Má dúró de MacBook. Àlòkù láptọ́ọ̀pù tó ní RAM (agbára ìrántí) 8GB láti Computer Village n'Íkẹjà tó fún ìbẹ̀rẹ̀, àmọ́ yẹ bátìrì rẹ̀ wò dáadáa, torí NẸ́PÀ.

Ẹni tó bá sọ fún ọ pé lóṣù mẹ́ta wàá máa gba dọ́là, ẹ̀kọ́ ló ń tà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, Andela, ilé-iṣẹ́ tó ń wá àwọn tó ń kọ kóòdù fún àwọn ilé-iṣẹ́ òkèèrè, dá nǹkan bí 400 akẹgbẹ́ wa dúró lẹ́nu iṣẹ́ ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà àti Ùgáńdà, nítorí àwọn tó ti nírìírí ni àwọn oníbàárà wọn ń wá. Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ kò tà. Fún ara rẹ ní ọdún kan ó kéré tán, kí iṣẹ́ mìíràn máa bọ́ ọ títí dìgbà náà.

Àbúrò mi pè lánàá. Ètò àjọ náà ti ń ṣiṣẹ́. Màmá wá ń béèrè bóyá ó lè máa fi mẹ́sẹ́èjì ránṣẹ́ sí àwọn tí kò tíì san. Ó ní òun ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Mo ní kó lọ wá a.