Bí mo ṣe rí ìwọ̀n ilẹ̀ yàrá tó rí bíi L

Etí mẹ́fà ni yàrá náà ní, mẹ́rin péré ni wọ́n kọ nọ́ńbà sí: ìsàlẹ̀ 10 mítà, òsì 8, ọ̀tún 3, òkè 4. Mo fa ìlà kan la àwòrán náà ní ìbú, ó di onígun mẹ́rin méjì. Ti ìsàlẹ̀ ò le: 10 lọ́nà 3, 30. Ti òkè ló gba àròjinlẹ̀, torí 8 yẹn ti ka ìsàlẹ̀ mọ́ ọn. Yọ 3 kúrò, ó ku 5. 4 lọ́nà 5 jẹ́ 20. Àpapọ̀, 50 mítà onígun mẹ́rin.

Mo tún gba ọ̀nà míì yẹ̀ ẹ́ wò (òun gan-an ló wù mí jù): ká ní yàrá náà kún, 10 lọ́nà 8, 80 ni. Igun tó ṣófo jẹ́ 6 (yọ 4 kúrò nínú 10) lọ́nà 5, 30. Yọ ọ́, 50 náà ló kù.