Bí A Ṣe Ń Gbógun Ti Àrùn Ìpáàrà Lára Òdòdó Daylily

Òdòdó daylily wọ́pọ̀ nínú ọgbà ilé ní Amẹ́ríkà, títí kan ti àwọn ọmọ Yorùbá tó fi Atlanta tàbí Houston ṣe ibùgbé, nítorí pé kì í fẹ́ ìtọ́jú púpọ̀. Ọdún 2000 ni wọ́n kọ́kọ́ rí àrùn ìpáàrà lára rẹ̀ níbẹ̀. Fọ́ngọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní Puccinia hemerocallidis, tó ti Éṣíà wá, ló ń fà á. Àrùn yìí kì í sábà pa òdòdó náà, ṣùgbọ́n ó ń mú kí ewé gbẹ, kò sì ní jẹ́ kó ní okun tó yẹ. Oògùn kọ́ ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ sáré rà.

Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé ìpáàrà ni. Ẹ yí ewé náà padà, kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀ bóyá ó sú wínníwínní, tí ohun tó sú náà sì ní àwọ̀ ọsàn tó ti pọ́n. Lẹ́yìn náà, ẹ fi tísù funfun nu abẹ́ ewé ọ̀hún: bí lẹ́búlẹ́bú aláwọ̀ ọsàn bá lẹ̀ mọ́ tísù, ìpáàrà ni. Àmọ́ bí ó bá jẹ́ pé ilà pípọ́n kan ló gba àárín ewé kọjá, tí ewé ń gbẹ láti ṣóńṣó wá sísàlẹ̀, tí tísù sì mọ́ tónítóní, àìsàn mìíràn ni.

Bí ó bá ti dájú, ẹ gé ewé náà. Ẹ dúró títí ìrì yóò fi gbẹ, kí ẹ gbé àpò ọ̀rá sí ẹ̀gbẹ́ òdòdó náà, kí ẹ sì fara balẹ̀ gé gbogbo ewé rẹ̀ kù bí ìwọ̀n ìka ọwọ́ kan sókè ilẹ̀, nítorí pé bí ẹ bá ń gbọn ewé náà, ẹ̀ ń bá atẹ́gùn fọ́n àrùn káàkiri ni. Ẹ di ẹnu àpò náà pinpin, kí ẹ sì dà á nù. Ẹ má ṣe kó o sí òkìtì ajílẹ̀. Ẹ fi spirit nu ohun tí ẹ fi gé e, kí ẹ sì pààrọ̀ aṣọ kí ẹ tó lọ sídìí àwọn daylily mìíràn, torí lẹ́búlẹ́bú náà máa ń lẹ̀ mọ́ aṣọ.

Ọ̀rọ̀ omi ló tún kàn, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣe àrùn yìí lóore. Bí ewé bá tutù fún wákàtí 5 sí 6, pàápàá nígbà tí ojú ọjọ́ bá wà láàárín ìwọ̀n 22 sí 24 ti Celsius, àrùn ti ráyè wọlé. Nítorí náà, ìdí òdòdó ni kí ẹ máa bu omi sí, kì í ṣe orí ewé, òwúrọ̀ sì ni ó dára jù. Bí wọ́n bá ti fún pọ̀, ẹ tú wọn gbìn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ láàárín wọn.

Ìgbà tí ewé tuntun bá ń yọ ni oògùn wúlò, nítorí pé ààbò ni, kò lè sọ ewé tó ti sú di tuntun. Ẹ máa fi oògùn tó ní azoxystrobin àti èyí tó ní propiconazole pààrọ̀ ara wọn, kí ọ̀kan nínú wọn má baà mọ́ fọ́ngọ́ọ̀sì náà lára, kí ẹ sì tẹ̀ lé ohun tí wọ́n kọ sára ike. Ẹ má ṣe jẹ́ kí azoxystrobin ta sára igi ápù, torí ó máa ń ba àwọn irú kan nínú wọn jẹ́. Àwọn tó ń se òdòdó daylily jẹ kò gbọdọ̀ fín oògùn sí èyí tí wọ́n fẹ́ jẹ.

Ní Minnesota àti àwọn ibi tí òtútù ti máa ń pa gbogbo ewé dé ilẹ̀, àrùn náà máa ń bá ewé kú, torí ewé tútù ló fi ń ṣe oúnjẹ. Ṣùgbọ́n ní Florida àti gúúsù Georgia, ewé àwọn kan kì í kú nígbà òtútù, ìyẹn ni ẹ fi ní láti tún gé ewé àtijọ́ kúrò kí ìgbà ìrúwé tó dé.

Bí ẹ bá fẹ́ ra tuntun, ẹ mọ̀ pé èyí tí wọ́n ń pè ní Pardon Me máa ń tètè kó àrùn yìí. Èyíkéyìí tí ẹ bá rà, ẹ gé ewé rẹ̀, kí ẹ sì gbìn ín sí ibi tó jìnnà sí àwọn yòókù títí ewé tuntun yóò fi yọ, tí ẹ ó sì ti fi tísù nu abẹ́ rẹ̀ wò.