Ojú Pọ́n, Ìtọ̀ Pọ́n: Bí Àgbàlagbà Ṣe Lè Tọ́jú Ara Ẹ̀ Nílé

Ẹ̀yin ará Kétu, Pọ́bẹ̀, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ àgbàlagbà tójú àti ìtọ̀ ẹ̀ pọ́n bí ìyeyè la fẹ́ sọ. Tó bá jẹ́ ọmọ tuntun lojú ẹ̀ pọ́n, ẹ má ka ìwé kankan, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíákíá.

Ẹ kọ́kọ́ wo ojú yẹn dáadáa ná. Oòrùn ọ̀sán ni kẹ́ ẹ fi wò ó o, torí gílóòbù alẹ́ tó ń pọ́n yẹn á kàn mú gbogbo ojú jọra ni. Ẹ fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ wálẹ̀, ẹ ní kó wòkè, ibi tó yẹ kó funfun yẹn, tó bá ti pọ́n bí ìyeyè, ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ nìyẹn. Àmọ́ tó bá jẹ́ àtẹ́lẹwọ́ nìkan ló pọ́n tí ẹyinjú sì funfun, ó lè jẹ́ kárọ́ọ̀tì tàbí epo pupa tẹ́ni náà ń jẹ lájẹjù, ìyẹn kì í ṣàìsàn.

Pọ́njú-pọ́ntọ̀ yìí, àmì ni, kì í ṣe àìsàn fúnra ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó bá ti gbó lára wa, bí oṣù 4 sí i, ara á tú u ká, nǹkan kan tó pọ́n á ṣẹ́ kù, ẹ̀dọ̀ ló ń kó o sínú òróòro, òróòro á gbé e lọ sínú ìfun, òun ló ń pa ìgbẹ́ wa láró. Tí ẹ̀dọ̀ bá ń ṣàìsàn, tàbí òkúta dí ọ̀nà òróòro, nǹkan yẹn á padà sínú ẹ̀jẹ̀, ojú á pọ́n, ìtọ̀ á dúdú bíi tíì tí ò ní mílíìkì, ìgbẹ́ á wá funfun bí ẹfun. Ó lè jẹ́ hepatitis, ìyẹn àrùn tó ń mú ẹ̀dọ̀ wú, ó lè jẹ́ ibà ẹ̀fọn tó le, ó lè jẹ́ ọtí, àrùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní sickle cell, oògùn, àní ẹ̀pà àti àgbàdo tó bu pàápàá. Ní Kẹ́ńyà lọ́dún 2004, àgbàdo tó bu ló kó èèyàn 317 sínú àìsàn ẹ̀dọ̀, 125 kú nínú wọn. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló ṣáájú ìtọ́jú ilé.

Èmi ò mọ̀yẹn nígbà tó ṣe mí. Oko àgbàdo ni mo ti ń bọ̀, ìyàwó mi ní ojú mi ò dáa, àbúrò bàbá mi gbé àgbo tí wọ́n rẹ sínú sodabi, ìyẹn ògógóró, wá, ẹlòmíì gbé omi ògì tí wọ́n fi èèpo ọ̀pẹ òyìnbó sí wá, mo mu gbogbo ẹ̀ pọ̀. Ọjọ́ kẹta, zém, ìyẹn ọ̀kadà, ló gbé mi lọ sílé ìwòsàn, ẹnì kan jókòó sẹ́yìn mi ó dì mí mú. Dókítà kàn bi mí pé, "Ẹ̀dọ̀ yín ló rẹ̀, ẹ tún ń dẹ́rù lé e?" Mi ò lè dáhùn.

Ohun tí ìtọ́jú ilé jẹ́ ò ju ìyẹn náà lọ, ẹ má dẹ́rù lé ẹ̀dọ̀. Ọtí kankan ò sí, bíà ò sí, sodabi ò sí, àgbo ò sí, àfi tí dókítà bá gbà. Ẹ kó gbogbo oògùn tẹ́ ẹ ń lò dání lọ fi hàn án, títí kan èyí tẹ́ ẹ rà lórí àtẹ lọ́jà. Paracetamol oníhóró 500 mg, ẹ bi í léèrè kẹ́ ẹ tó lò ó, ọ̀pọ̀ dókítà kì í jẹ́ kó ju hóró 4 lọ láàrin wákàtí 24 fẹ́ni tí ẹ̀dọ̀ ẹ̀ ń ṣàìsàn, oògùn ọ̀fìnkìn náà sì lè ní paracetamol nínú. Ibuprofen àti aspirin, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ àfi tí dókítà bá ní kẹ́ ẹ lò ó.

Oúnjẹ wá ń kọ́? Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ má jẹ ẹyin, kẹ́ ẹ má jẹ epo, nítorí àwọ̀ ẹ̀. Àwọ̀ oúnjẹ kì í gun ẹyinjú lọ bẹ́ẹ̀ o! Tí epo bá ń rìn yín nínú, ẹ dín in kù, àmọ́ ẹ jẹun: ògì, ẹ̀kọ, ẹ̀wà rírọ̀, ẹja, díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́ ju abọ́ ńlá kan lọ. Ẹ mu omi. Gúlúkóòsì kì í fọ ẹ̀dọ̀.

Ara á máa yún yín, pàápàá lóru, èmi ti fi ìka họ ẹsẹ̀ títí tó fi ń ṣẹ̀jẹ̀. Ẹ gé èékánná, ẹ fi omi tútù wẹ̀, ẹ fi òrí pa ara, ẹ wọ aṣọ òwú tó fẹ̀, ẹ má fi omi gbígbóná wẹ̀.

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ má lé aláìsàn sí kọ̀rọ̀. Oríṣiríṣi ni hepatitis: A àti E máa ń gba inú ìgbẹ́ kọjá sínú omi àti oúnjẹ, nítorí náà ọṣẹ àti omi lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀, kí aláìsàn má sì dáná fún ilé ná. Ti B, inú ẹ̀jẹ̀ àti ìbálòpọ̀ ló ń gbà, kì í ṣe abọ́ oúnjẹ. Ẹ má yá ara yín ní abẹ àti búrọ́ọ̀ṣì eyín, kí gbogbo ilé ṣàyẹ̀wò, kí ẹni tí kò ní in sì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ẹ̀.

Ẹ má wọ́n oògùn kòkòrò lóko títí ara á fi le. Èyí tí wọ́n fi ń wọ́n òwú, ẹ má fi tọ́jú ẹ̀wà jíjẹ láéláé.

Ẹ máa ṣọ́ aláìsàn náà. Tó bá ń sùn ṣáá, tó ń pe ọmọ ẹ̀ lórúkọ ìyá ẹ̀, tó bì ẹ̀jẹ̀, tí ìgbẹ́ ẹ̀ dúdú bí ọ̀dà, tí ikùn ń wú, tàbí ibà àti òtútù pẹ̀lú ìrora abẹ́ ìhà ọ̀tún, ẹ má dúró de àárọ̀. Aboyún ńkọ́, ọjọ́ tójú ẹ̀ bá pọ́n náà ni kó lọ, torí hepatitis E lè pa aboyún, pàápàá tí oyún bá ti dàgbà.

Ojú lè mọ́ kí àìsàn má tíì lọ. Tí wọ́n bá bá hepatitis B lára yín, ẹ padà lọ ṣàyẹ̀wò lẹ́yìn oṣù 6, torí ìgbà yẹn ni wọ́n tó ń mọ̀ bóyá ó ti jáde lára tàbí ó ti fẹ́ máa gbé ibẹ̀.