Bí A Ṣe Lè Tọpa Iṣẹ́ Àwọn Ọba Àtijọ́ Lára Sri Lanka Òde Òní

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí àwọn ọba àtijọ́ ṣe sọ Sri Lanka, erékùṣù tí ó wà nítòsí Íńdíà, di ohun tí ó jẹ́ lónìí, kí ó má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ ọba, nítorí orúkọ wọn pọ̀, ó sì jọra. Omi ni kí ó fi bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ tí Anuradhapura àti Polonnaruwa, olú ìlú àtijọ́ méjì, tẹ̀dó sí jẹ́ ilẹ̀ gbígbẹ tí òjò kì í rọ̀ sí ju ìwọ̀nba oṣù díẹ̀ lọ́dún, ọba tí ó bá sì lè sé odò di adágún ni ó ń bọ́ ìlú.

Mú àwòrán ilẹ̀, kí o wá Kala Wewa, adágún tí Ọba Dhatusena ṣe ní ọ̀rúndún karùn-ún. Fojú tẹ̀ lé ipa omi tí wọ́n gbẹ́ láti ibẹ̀ dé Anuradhapura: ó gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 87, apá kan sì wà níbẹ̀ tí kò lọ sílẹ̀ ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10 lọ ní kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá ti la ojú àgbàrá lẹ́yìnkùlé rí yóò mọ̀ pé èyí kì í ṣe iṣẹ́ ọmọdé. Lẹ́yìn náà, wo adágún Minneriya, tí Ọba Mahasena ṣe, àti adágún ńlá tí Parakramabahu Kìíní (1153 sí 1186) ṣe sí Polonnaruwa. Títí di òní ni àwọn àgbẹ̀ ń fi omi wọn gbin ìrẹsì.

Lẹ́yìn omi, ẹ̀sìn ni kí o tọ̀. Ní ọ̀rúndún kẹta ṣáájú ìbí Krístì, Ọba Devanampiya Tissa gba ẹ̀sìn Búdà lọ́wọ́ Mahinda, mọ́ǹkì tí ó wá láti Íńdíà, lórí òkè Mihintale, ìdí nìyí tí àwọn olùjọsìn fi ń gun òkè náà nígbà òṣùpá àrànmọ́jú oṣù kẹfà. Ṣùgbọ́n eyín Búdà, eyín kan tí wọ́n gbà pé ti Búdà fúnra rẹ̀ ni, ni kí o fi ojú sí jù. Ọ̀rúndún kẹrin ni ó dé erékùṣù náà, ìtàn sì sọ pé inú irun ọmọbìnrin ọba kan ni wọ́n fi pamọ́ sí. Ẹni tí eyín náà bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni àwọn ènìyàn ń gbà lọ́ba, nítorí náà, bí olú ìlú bá ṣí, eyín náà a bá a ṣí, títí ó fi dé Kandy, olú ìlú ọba tí ó kẹ́yìn, níbi tí erin ti ń gbé àpótí rẹ̀ yí ìlú ká lọ́dọọdún. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Kandy ní 1815, síbẹ̀ kìnnìún onídà tí ó wà lára àsíá ọba ibẹ̀ ni ó wà lára àsíá orílẹ̀-èdè náà lónìí.

Nígbà tí o bá wá dé ọ̀dọ̀ Mahavamsa, ìwé ìtàn àtijọ́ nípa àwọn ọba erékùṣù náà, rántí pé àwọn mọ́ǹkì ni ó kọ ọ́, wọ́n sì ní ẹni tí wọ́n fẹ́ yìn. Kà nípa bí Dutugemunu, ọba Sinhala, ṣe ṣẹ́gun Elara, ọba Tamil tí ó wá láti ilẹ̀ Chola ní gúúsù Íńdíà, ṣùgbọ́n má ṣe dúró síbẹ̀, bí àwọn tí ń fi ìtàn náà dá ìjà sílẹ̀ láàrin Sinhala àti Tamil, ẹ̀yà ńlá méjì ní Sri Lanka, ti máa ń ṣe. Ìwé yìí kan náà sọ pé olódodo ni Elara, àti pé Dutugemunu fúnra rẹ̀ kọ́ ibojì fún un, ó sì pàṣẹ kí wọ́n máa bọ̀wọ̀ fún un. Àwọn ọba tí ó jẹ kẹ́yìn ní Kandy pàápàá, ìdílé wọn ti gúúsù Íńdíà wá, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀kan nínú wọn, Kirti Sri Rajasinha, ni ó ránṣẹ́ pe àwọn mọ́ǹkì Siam (Thailand òde òní), tí wọ́n dé ní 1753, láti jí ẹ̀sìn Búdà dìde.

Níkẹyìn, fi ọ̀rọ̀ ọba wé ọ̀rọ̀ ará ìlú. Ọba Nissanka Malla gbẹ́ ìyìn ara rẹ̀ sára òkúta gbọọrọ ní Polonnaruwa. Ka èyí tán, kí o wá lọ ka ewì tí àwọn àlejò kọ sára ògiri dídán Sigiriya, ààfin tí Kashyapa kọ́ sórí àpáta lẹ́yìn tí ó pa Dhatusena, baba rẹ̀. Àwọn obìnrin tí wọ́n yà sára àpáta ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn àlejò náà ń bá sọ̀rọ̀. Ti ọba kò fi bẹ́ẹ̀ kàn wọ́n.