Owó Yín Ń Jò Láàárín Sẹ̀mẹ̀ àti Kútọnu: Ìbéèrè Tó Ti Sú Mi, àti Ìdáhùn Wọn

Iṣẹ́ mi ni kí n máa kó èèyàn láti Èkó lọ ṣàbẹ̀wò sí Kútọnu, Wídà àti Ganvié orí omi ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Kò sí ìrìn àjò kan tí a ó lọ tí ẹnìkan ò ní fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà tí à ń bọ̀ nílé, kó ní, "Ẹ̀gbọ́n, owó mi ò yé mi mọ́." Mo ti dáhùn títí ẹnu fi ń ro mí. Mo wá kó gbogbo rẹ̀ síbí. Kẹ́ ẹ tó pè mí láago mọ́kànlá alẹ́, ẹ kọ́kọ́ kà á. Gbogbo réètì tí mo bá mẹ́nu bà, àpẹẹrẹ ni. Ti òní, ẹ bi wọ́n ní bọ́dà Sẹ̀mẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, 100,000 náírà tí mo ná tìdẹ̀ratìdẹ̀ra ní Kútọnu lọ́dún 2022 kò tó nǹkan kan mọ́. Ṣé àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ ti fowó lé ọjà ni?

Bóyá wọ́n fi díẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n ibẹ̀ kọ́ lẹ ti pàdánù. Wọ́n so sẹ́fà, owó tí wọ́n ń ná níbẹ̀, mọ́ owó yúrò bí ẹni so ewúrẹ́ mọ́ òpó: yúrò kan, sẹ́fà 655.957. Kí yúrò tó dé ní 1999, owó Faransé ni wọ́n so ó mọ́. Láti oṣù kìíní 1994 tí wọ́n ti gé iye rẹ̀ sí ìdajì, ìdè yẹn kò tíì yẹ̀. Tiwa ò sí lórí ìdè kankan. Ní oṣù kẹfà 2023, Bánkì Àpapọ̀ Nàìjíríà jọ̀wọ́ náírà fún ọjà. Dọ́là tó wà ní nǹkan bí 470 náírà ní bánkì sì lé ní 1,500 kí oṣù kejì 2024 tó parí. Ìyá tó ń ta ìrẹsì ní ọjà Tokpa lè má fi kọ́bọ̀ lé oúnjẹ rẹ̀, kí ìrẹsì náà sì wọ́n sí ẹ̀yin ní ìlọ́po méjì. Àwọn bàbá wa jẹ ìgbádùn òdìkejì rẹ̀: ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, náírà kan ṣoṣo ń gba sẹ́fà tó lé ní 300 ní bánkì. Ẹ má bi mí bóyá ìgbà yẹn á padà wá.

Réètì tí mo rí lórí Google kọ́ ni wọ́n fún mi ní Sẹ̀mẹ̀.

Google kì í ta owó. Ẹni tó ń tà á gbọ́dọ̀ jẹun níbẹ̀.

Ọ̀kan pe 400 fún mi, èkejì pe 2,500. Èwo nínú wọn ló ń parọ́?

Kò sẹ́ni tó ń parọ́. Ẹni àkọ́kọ́ ń sọ iye sẹ́fà tó máa fún yín lórí ẹgbẹ̀rún náírà. Ẹnì kejì ń sọ iye náírà tó máa gbà lórí ẹgbẹ̀rún sẹ́fà. Ẹ pín in wò, ọ̀kan náà ni. Ohun tí èmi máa ń bi wọ́n ni pé, "Tí mo bá kó 50,000 náírà fún yín báyìí, sẹ́fà èló ni mo máa gbé lọ?" Ìyẹn ò ṣeé yí mọ́ni lọ́wọ́.

Wọ́n kà á lójú mi, èmi náà kà á, ó pé. Mo dé inú ọkọ̀, ó dín.

Ẹ kà á tán, wọ́n ní kẹ́ ẹ mú un wá kí àwọn tún un kà, ẹ sì dá a padà fún wọn. Àbí mo purọ́ mọ́ yín? Ọwọ́ tó kà á gbẹ̀yìn, tiyín ni kó jẹ́. Ẹni tó bá ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀, ẹ jẹ́ kó máa sáré. Ẹni tó jókòó nídìí tábìlì rẹ̀, tẹ́ ẹ máa bá níbẹ̀ lọ́la, ni kẹ́ ẹ bá ṣẹ́ńjì.

A máa kọjá sí Lomé. Ṣé kí n tún ṣẹ́ńjì ní ọ̀hún?

Rárá o. Sẹ́fà kan náà ni Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò ń ná. Lẹ́tà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà owó náà, B fún Bẹ̀nẹ̀, T fún Tógò, ìlú tó ti jáde ló ń sọ, kò sọ ibi tẹ́ ẹ ti lè ná an. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá kọjá Aflao wọ Gánà ni ọ̀rọ̀ yí padà, sídì ni wọ́n ń ná níbẹ̀.

Sẹ́fà gidi ni mo gbé lọ. Olóúnjẹ ò gbà á, ọlọ́kadà ò gbà á.

Ẹ tẹ́ owó náà síta kẹ́ ẹ ka ara rẹ̀. Tó bá jẹ́ "Banque Centrale des États de l'Afrique de l'Ouest" ni wọ́n kọ sí i, ó ti ya jù tàbí ó ti gbó jù ni. Ẹ mú un padà fún ẹni tó fún yín. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ "Banque des États de l'Afrique Centrale", sẹ́fà Kamẹrúùnù, Gàbọ́ọ̀nù àti Ṣáàdì lẹ gbé dání. Orúkọ kan náà ni, yúrò kan náà ni wọ́n so ó mọ́, ní iye kan náà, ṣùgbọ́n bánkì tó tẹ̀ ẹ́ yàtọ̀, kò sì sí ìyá olóúnjẹ kan ní Kútọnu tó fẹ́ mọ ìyẹn.

Ọmọge kan nínú àwọn èrò mi gbé 80,000 irú rẹ̀ wá. Ẹnìkan ládùúgbò wọn l'Ékòó ló tà á fún un, ó ní réètì rẹ̀ dáa ju ti bọ́dà lọ. Báwo ni ò ṣe ní dáa? Odidi ọ̀sán la fi rìn ká kí a tó rí ẹni tó gbà á ní Jonquet, àdúgbò kan ní Kútọnu, iye tó sì fún un lórí rẹ̀, mi ò lè kọ ọ́ síbí. Kò jẹun títí a fi padà sí Èkó.

Mo ṣẹ́ńjì ní réètì tó dáa, mo ka owó mi, mi ò ná ìnákúnàá, síbẹ̀ ìṣirò mi kì í bára mu tí mo bá délé.

Ẹ fara balẹ̀ fún èyí, nítorí ó bá mi fínra fún ọdún kan àti ààbọ̀.

Mo ní ìwé kan tí mo máa ń kọ ìnáwó ìrìn àjò kọ̀ọ̀kan sí. Gbogbo ìgbà tí a bá dé, owó máa ń dín. Nígbà mìíràn 12,000 náírà, nígbà mìíràn 15,000, ìgbà kan wà tó wọ 18,000. Ẹni tí mo ń bá ṣẹ́ńjì ni mo kọ́kọ́ fura sí. Mo fi í sílẹ̀, mo lọ bá òmíràn, mo tún fi ìyẹn náà sílẹ̀. Owó ṣì ń dín. Mo gbìyànjú kí n ra sẹ́fà láti Èkó kí a tó gbéra. Réètì ọ̀hún burú ju ti bọ́dà lọ, owó tó dín sì pọ̀ sí i.

Ìgbà yẹn ni mo wá yíjú sí ọmọ iṣẹ́ mi. Òun ló máa ń gbé owó kéékèèké dání: omi fún èrò, aláàárù, owó ilé ìgbọ̀nsẹ̀, zémìjàn (ọ̀kadà wọn) tí a fi ń wá ẹni tó bá sọnù. Mo pè é lólè. Mi ò fi ọ̀rọ̀ wé ọ̀rọ̀, olè gan-an ni mo pè é. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ yẹ gbogbo àpò mi wò." Mo yẹ̀ ẹ́ wò, mi ò rí nǹkan kan, mo ṣì bínú.

Ní oṣù kìíní, nígbà tí a kó èèyàn lọ wo ọdún Vodun ní Wídà, ooru ò jẹ́ kí n sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì. Mo jí ọmọ iṣẹ́ mi, mo gbé ìwé, mo ní kó ka gbogbo ohun tó san lọ́jọ́ yẹn fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan, kó sì sọ ohun tí ẹni tó sanwó fún wí.

Mo ní, "Zémìjàn àárọ̀ ńkọ́?"

Ó ní, "Ó pe 500 sẹ́fà. Mo ní náírà ló wà lọ́wọ́ mi. Ó ní kí n mú 1,500 wá."

"Omi ńkọ́?"

"300 sẹ́fà. Mo fún wọn ní 900 náírà."

Mo gbé bírò sílẹ̀. Èmi ṣẹ́ńjì ní 2,500 náírà lórí ẹgbẹ̀rún sẹ́fà. Òun ń san 3,000. Gbogbo ìlú tó ń gba náírà lọ́wọ́ wa, réètì tiwọn ni wọ́n fi ń gbà á, ìlọ́po mẹ́ta gérégé, torí ó rọrùn láti fi orí ṣírò. Kò sí olè nínú ọ̀rọ̀ yìí. Èmi ni mo kó náírà fún un, torí mo rò pé "wọ́n ṣáà ń gba náírà."

Ẹ wo ìṣirò ìrìn àjò yẹn. Mo ṣẹ́ńjì 500,000 náírà, ó jẹ́ 200,000 sẹ́fà. Hòtẹ́ẹ̀lì, bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ ojú omi Ganvié gba 150,000 sẹ́fà. Mo tún fún ọmọ iṣẹ́ mi ní 60,000 náírà. Owó yẹn san gbèsè 20,000 sẹ́fà péré, èyí tí 50,000 náírà ìbá tó fún ká ní mo ti ṣẹ́ńjì rẹ̀. Ẹgbàárùn-ún ti bọ́. Nígbà tí a ń bọ̀, mo ta 50,000 sẹ́fà tó ṣẹ́kù padà ní bọ́dà. Ẹni tó tà á fún mi ní 2,500 rà á lọ́wọ́ mi ní 2,400. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún tún bọ́. Àpapọ̀ rẹ̀ 15,000, iye tí mo fi pe ọmọ ọlọ́mọ lólè.

Ohun tí mò ń ṣe báyìí: a bá ti kọjá Sẹ̀mẹ̀, náírà wọ ìsàlẹ̀ àpò, kò gbọdọ̀ jáde. Mo máa ń sọ fún ẹni tó ń ṣẹ́ńjì fún mi pé kó fún mi ní 500, 1,000 àti kọ́ìnì, nítorí ẹni tó bá gbé 10,000 sẹ́fà fún ọlọ́kadà ti ń wá ìjà. N kì í sì ṣẹ́ńjì gbogbo owó lẹ́ẹ̀kan náà mọ́. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ni, tí kò bá tó, mo máa ń fi kún un ní Kútọnu. Mo ra bàtà fún ọmọ iṣẹ́ mi. Ó gbà á, ṣùgbọ́n títí di òní, kó tó ná kọ́bọ̀, á kọ́kọ́ fi hàn mí.

Mo fi káàdì sanwó hòtẹ́ẹ̀lì. Iye tó wà lórí alẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ kọ́ ni wọ́n wá yọ.

Sẹ́fà kì í gba ọ̀nà tààrà dé náírà. Ó sábà máa ń kọ́kọ́ di dọ́là, kí dọ́là tó wá di náírà, wọ́n sì ń gé díẹ̀ ní ìdúró kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ tẹ́ ẹ ki káàdì bọ ẹ̀rọ náà tún yàtọ̀ sí ọjọ́ tí àwọn bánkì bá ara wọn ṣírò. Réètì ọjọ́ kejì yẹn ló lè jẹ́ tiyín. Tí ẹ̀rọ bá bi yín bóyá náírà lẹ fẹ́ san tàbí sẹ́fà, ẹ mú sẹ́fà. Ní ìparí 2022 ọ̀pọ̀ bánkì wa dáwọ́ lílo káàdì náírà lókè òkun dúró, 2025 ni àwọn kan tún ṣí i, nítorí náà ẹ bi bánkì yín kẹ́ ẹ tó gbéra. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n yọ ọ́, ẹ má pè mí. Ẹ mú risíìtì àti alẹ́ẹ̀tì, ẹ gba ẹ̀ka bánkì yín lọ.

Owó tí mo fi ránṣẹ́ sí ẹni tó fẹ́ gbà wá lálejò lórí MoMo, owó orí fóònù, ò wọlé.

Ẹ wo nọ́ńbà rẹ̀. Láti 30 oṣù kọkànlá 2024, gbogbo nọ́ńbà fóònù Bẹ̀nẹ̀ ti di oní-10, 01 ló sì ṣáájú. Nọ́ńbà oní-8 tẹ́ ẹ fi pamọ́ látijọ́ ti kú.

Owó ńlá ni mo fẹ́ gbé kọjá. Kí ni ọgbọ́n ibẹ̀?

Ọgbọ́n kan ò sí níbẹ̀. Tó bá ti ju 10,000 dọ́là lọ, tàbí iye rẹ̀ ní owó mìíràn, òfin Nàìjíríà ní kẹ́ ẹ sọ ọ́ fún àwọn Kọ́sítọ́ọ̀mù. Ẹ bá bánkì yín tàbí lọ́yà sọ̀rọ̀. Èmi, èèyàn ni mò ń kó lọ wo Ganvié.

Kọ́ìnì sẹ́fà kún àpò mi, kò sẹ́ni tó fẹ́ rà á ní bọ́dà.

Wọn ò ní rà á. Kẹ́ ẹ tó dé Sẹ̀mẹ̀, ẹ máa rí àwọn obìnrin tó ń ta búrẹ́dì gígùn lẹ́bàá títì. Ẹ fi ra búrẹ́dì. Kẹ́ ẹ má sì ra ẹyọ kan, torí á tán kẹ́ ẹ tó dé Àgbádárìgì.