Bẹ́ ẹ ṣe lè máa wa Ìjàpá yín lọ bí epo ṣe wọ́n tó yìí

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ní Ìjàpá Volkswagen nílé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì tà á o. Látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 2023, tí lítà kan kúrò ní bíi ₦190 tó fò kọjá ₦480 láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó ń dun èmi náà.

Kábúrétọ̀, ìyẹn ibi tí epo àti atẹ́gùn ti ń pò pọ̀ kó tó wọnú ẹ́ńjìnnì, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Bí èéfín ọkọ̀ bá dúdú, epo ló ń jẹ jù yẹn, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì tó mọ Ìjàpá dáadáa tú u, kó fọ̀ ọ́, kó tún un sẹ́ẹ̀tì. Ẹ wo rọ́bà epo náà torí ẹ́ńjìnnì wà lẹ́yìn, ó máa ń gbóná gan-an, bí epo bá jò síbẹ̀ iná ni o! Èyí tó bá ti ń sán, ẹ pààrọ̀ ẹ̀ lónìí.

Ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí táyà dáadáa, kó má bàa jẹ epo jù.

Ẹ má sì tìtorí owó epo gbé e jókòó oṣù mẹ́ta, epo á dì sínú kábúrétọ̀, àtúnṣe á wá gbówó ju epo lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, ìdájí Sunday tí ò sí gosíló, ẹ wà á fún ìṣẹ́jú 30. Kẹ́ ẹ kàn tàn án sójú kan ò tó.