Bí ẹ ṣe máa lẹ fusible web mọ́ aṣọ kẹ́ ẹ tó gé e fún kọláàjì

Fusible web ni gọ́ọ̀mù pẹlẹbẹ tó ní pépà lẹ́yìn, tí iná áyọ́ọ̀nù máa ń yọ́ kó lè lẹ̀ mọ́ aṣọ; kọláàjì sì ni àwòrán tí wọ́n fi ègé aṣọ tò pọ̀. Ẹ kọ́kọ́ fọ aṣọ yẹn o, ẹ má fi nǹkan tó ń mú aṣọ rọ̀ sí i rárá torí kì í jẹ́ kí gọ́ọ̀mù mú, tó bá gbẹ ẹ lọ̀ ọ́ kó tẹ́jú. Ẹ gé web yẹn kó kéré díẹ̀ sí aṣọ, tó bá yọ síta ara áyọ́ọ̀nù ló máa lẹ̀ mọ́, mo ti jìyà ẹ̀ rí. Ojú tó rí háráhárá ni kẹ́ ẹ dà dé ẹ̀yìn aṣọ, kí pépà wà lókè, ẹ wá gbé áyọ́ọ̀nù lé e fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ẹ gbé e síbòmíì, ẹ má wọ́ ọ o! Ẹ ka ara páálí web yẹn torí iná tí oríṣi kọ̀ọ̀kan ń fẹ́ ò dọ́gba, tó bá pẹ́ jù gọ́ọ̀mù á yọ́ wọnú aṣọ, ó tán nìyẹn. Ẹ jẹ́ kó tutù. Tẹ́ ẹ bá ń ya ẹyẹ sórí pépà, èyí tó kọjú sọ́tùn-ún á jáde lápá òsì, torí náà ẹ yà á lódìkejì. Pépà ò bó? Ẹ fi abẹ́rẹ́ fa ìlà sí i láàárín, á ṣí.